Ìṣubú Àkọ́kọ́ Kọ́ Ni Òpin Ìjà

Òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń pa nígbà tí nǹkan bá já ọ̀dọ́ kulẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá yóò rí ẹni tí yóò gbé òun dìde. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tó gbé òun ṣubú. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ òwe náà, ọ̀pọ̀ ló sì lè túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láyé òde òní tí òwe yìí ti di ọ̀ràn oúnjẹ òòjọ́ àti orúkọ rere, iṣẹ́ náà ni ìjà ẹ̀ṣẹ́. Níbẹ̀, ẹni tó ṣubú kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì di àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, tàbí ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Agbára ṣì wà lápá rẹ̀, eegun rẹ̀ ṣì le, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń kọ orin ìdágbére fún un. Wọ́n ní ó ti tán. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ti nà lẹ́ẹ̀kan, nínà náà ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ náà sì léwu, pàápàá jù lọ fún àwọn ọmọ tó jókòó sí ilé ẹ̀kọ́ girama lónìí.

Bí ìlú kan bá wà ní ilẹ̀ Yorùbá tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé irọ́ ni, Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì àwọn ọmọ Ọlálọmí rí mọ̀ pé ìjàkadì ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ láàárín àwọn Yorùbá yòókù. Ní Ọ̀fà, ìjàkadì kọjá eré òṣùpá àwọn ọmọdé. Orò ni, ó sì wọ inú ọdún ìbílẹ̀ débi pé ọba àti ìjòyè àgbà tó tẹ̀ lé e máa ń dìmú níwájú gbogbo ìlú. Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìlú tó bá jẹ́ kí ọba rẹ̀ wọ ìjàkadì ní gbangba ti gbà pé kò sí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè kan ilẹ̀. Bí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀, ìyẹn kò ní kí ó máà jẹ́ ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nínú ìjàkadì, a kì í sọ pé lágbájá pa làkásègbè. A máa ń sọ pé ó dá a. Ẹni tí wọ́n dá, ilẹ̀ ló bá pàdé. Yóò gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára, yóò sì dìde, nítorí ilẹ̀ kì í di ẹnikẹ́ni mú. Àwọn àgbà ò sì dákẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ìtàn Ọ̀fà pàápàá rí bẹ́ẹ̀. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì tú u. Àwọn ará ìlú fọ́n ká kiri. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣubú kan ni òpin, Ọ̀fà ì bá ti di ahoro tí àwọn ọdẹ ń fi ṣe àpèjúwe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀fà padà sílé, wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n tún ọjà dá. Nígbà tó ṣe, ojú irin tó ti Èkó wá gba ìlú náà kọjá lọ sí ilẹ̀ Àríwá, Ọ̀fà sì di ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí láti kó ẹrù àti èrò. Ìlú tí wọ́n tú ló tún di ìlú tí wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irọ́ tí à ń wí yìí ti ṣẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ta ló ṣe kókó: iye ìjà tó borí, iye ìjà tó pàdánù, àti iye èyí tó jẹ́ ọ̀mì. Nọ́ńbà àárín yẹn ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí ó bá jẹ́ òdo, ẹni náà ti di òrìṣà. Rocky Marciano, ọmọ Amẹ́ríkà, ja ìjà 49, ó borí nínú gbogbo wọn, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 1956. Floyd Mayweather sọ tirẹ̀ di 50 ní ọdún 2017. Òdo tó wà lára orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn tó ń ta ìjà fi ń pọlówó ọjà. Nítorí rẹ̀ ni ọjọ́ tí òdo bá di ení fi máa ń dà bí ọjọ́ òkú.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé òdo kan náà yìí ni èébú ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó gba òdo ni à ń pè ní olódo, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dun ọmọ wọ egungun. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, olódo ni ọba. Nínú kíláàsì, olódo ni ẹni yẹ̀yẹ́. Ojú ló fi jọ pé ọ̀nà méjèèjì jìnnà síra. Àṣìṣe kan náà ni wọ́n, nítorí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ odindi ènìyàn. Nọ́ńbà náà kò sì sọ gbogbo òtítọ́. Onígbọ̀wọ́ tó gbọ́n lè máa wá àwọn aláìlágbára fún ọmọ rẹ̀ láti nà, kí òdo rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Irú òdo bẹ́ẹ̀ kò sọ bí ẹni náà ti lágbára tó. Ohun tó ń sọ ni irú ẹni tí kò tíì bá pàdé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí òdo ti já sí asán tó, kí ó wo Dick Tiger. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò ni. Ní ọdún 1955, ó wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń gbé ní Liverpool, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà níbẹ̀ ló sì pàdánù. Òdo tirẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ó na Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì gba adé àgbáyé. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, ó tún na Fullmer ní Ìbàdàn, ní pápá ìṣeré Liberty tí à ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jáde wá mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Joey Giardello gba adé lọ́wọ́ Tiger. Ọdún méjì kò tíì pé tí Tiger fi gbà á padà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Ní ọdún 1966 ó gòkè sí ìpele àwọn tó wúwo ju tirẹ̀ lọ, ó sì gba adé níbẹ̀ pẹ̀lú, lọ́wọ́ José Torres. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbà pé òun ti tán ní Liverpool, Ìbàdàn ì bá má rí ìjà kankan wò.

Àpẹẹrẹ Dick Tiger lè má tó fún ẹlòmíràn, nítorí pé àti kékeré ni ìpàdánù ti mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò tíì pàdánù rí ni ìṣubú àkọ́kọ́ máa ń dẹ́rù bà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ìlú Accra ní Ghana, kí á wo Azumah Nelson.

Ní ọdún 1982, Azumah ti ja ìjà mẹ́tàlá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́, ó sì ti borí nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn òde Áfíríkà, àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀ kò pọ̀. Salvador Sánchez, ọmọ Mẹ́síkò, ló wà lórí àpèrè nígbà náà, ẹni tí ó yẹ kó bá a jà sì farapa. Wọ́n wá ẹni tí yóò rọ́pò onítọ̀hún, Azumah sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 1982 ni ìjà náà wáyé ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní New York. Ọjọ́ méjì ṣáájú ìjà náà ni Azumah pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó bá Sánchez wọ̀yá ìjà títí ó fi di abala kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ó ti ṣubú, adarí ìjà sì dá ìjà dúró. Òdo ti lọ.

Kí ni ó yẹ kí ó ṣe? Ẹni tí wọ́n bá nà a máa ronú ẹ̀san ní àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò tíì pé oṣù kan tí Sánchez fi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ọ̀nà ẹ̀san di títì pa. Títí ayé ni ìpàdánù yẹn yóò fi wà lára orúkọ Azumah, kò sì sí ohun tó lè ṣe láti pa á rẹ́. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ wò nìyí. Kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni a lè lọ gbẹ̀san rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ni a ó gbé e dání, tí a ó sì máa rìn lọ. Azumah gbé tirẹ̀ dání. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kejìlá, ọdún 1984, ó lọ bá Wilfredo Gómez ní San Juan ní Puerto Rico, láàárín àwọn ará ilé Gómez, ó sì lù ú bolẹ̀ ní abala kọkànlá. Adé àgbáyé bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1988, ó tún gba òmíràn ní ìpele tó ga ju èyí lọ. Nígbà tó di ọdún 2004, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn akọni ìjà ẹ̀ṣẹ́ lágbàáyé. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Sánchez, ìyìn ni wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní níbẹ̀ ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ pé akọni kan wà ní Accra.

Gbọ̀ngàn kan náà yẹn ni ọmọ Yorùbá kan tún ṣubú sí ní ọdún mẹ́tàdínlógójì lẹ́yìn náà. Anthony Olúwafẹ́mi Ọláṣèní Joshua ni. Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n Ṣágámù ni orísun ìdílé rẹ̀, ó sì lo àkókò díẹ̀ ní kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, èyí tí Táí Ṣólàárín dá sílẹ̀. Ó gba góòlù ní ìdíje Olíńpíìkì ti London ní ọdún 2012. Ní ọdún 2016 ó di ọ̀kan lára àwọn ọba ẹ̀ka àwọn tó wúwo jù lọ. Ní ọdún 2017 ó na Wladimir Klitschko ní pápá ìṣeré Wembley níwájú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ènìyàn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ìjà 22 ló ti jà, 22 ló sì ti borí.

Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2019, Andy Ruiz ló wọlé wá bá a. Ruiz kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú fún ìjà náà. Wọ́n fi rọ́pò ẹni tí àyẹ̀wò oògùn kò jẹ́ kó wá ni. Ó sanra, ikùn rẹ̀ yọ, àwọn ènìyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní abala kẹta, Joshua lù ú ṣubú. Kí ojú tó mọ́, Ruiz ti dìde, ó sì lu Joshua ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní abala kan náà. Ní abala keje ó tún lù ú ṣubú lẹ́ẹ̀mejì sí i, adarí ìjà sì dá ìjà dúró. Ẹ̀ṣín wá gba ìlú. Àwọn tó ń pè é ní ọmọ wa lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gba ẹ̀ṣẹ́, àwọn mìíràn ní owó ti pọ̀ jù fún un. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, wọ́n sì ti ń kà á mọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì.

Ohun tí Joshua ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Kò lé olùkọ́ tó ń kọ́ ọ ní ìjà lọ kí ó lè rí ẹni di ẹ̀bi rù. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé ara òun ti wúwo jù, àti pé ìwànwára láti pa iná ẹlòmíràn ló jẹ́ kí òun ṣí àyà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, ó ti sọ nǹkan bí pọ́ùn mẹ́wàá nù lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2019, ní Diriyah ní ilẹ̀ Saudi Arabia, kò lépa àtilu Ruiz bolẹ̀ mọ́. Ó ń fi ọwọ́ gígùn ta á lókèèrè, ó ń yí ká, ó ń kúrò lójú ọ̀nà. Abala méjìlá pé, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbé ìjà fún un: 118 sí 110, 118 sí 110, 119 sí 109. Adé padà sórí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tó pàdé Ààrẹ Muhammadu Buhari ní London, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kó tó gbé àwọn ìgbànú ẹ̀yẹ náà hàn án. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú ìjà kejì yìí tí àwọn ènìyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ruiz tó borí ní ìgbà àkọ́kọ́ sanra sí i ni, ó fi nǹkan bí pọ́ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ara rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn ìjà pé àríyá ti gba òun lọ́kàn ju ìmúrasílẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣubú wo ẹ̀yìn. Ẹni tó borí kò wò ó. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó ṣubú nìkan ni òwe àgbà yẹn ń bá wí.

Samuel Peter, ọmọ Nàìjíríà láti Akwa Ibom, rìn ní ọ̀nà kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó lu Wladimir Klitschko ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ àwọn adájọ́ gbé ìjà fún Klitschko. Ìpàdánù àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó padà, ó na James Toney lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di ọba àgbáyé ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Ká ní àkọ́kọ́ ni òpin ni, adé yìí kò ní dé orí rẹ̀.

Yóò jẹ́ àbòsí bí àròkọ yìí bá parí sí ibi tí adùn wà. Àwọn kan ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì padà mọ́. Naseem Hamed borí nínú ìjà 35 kí Marco Antonio Barrera tó nà án ní oṣù Kẹrin ọdún 2001. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó ja ẹyọ ìjà kan péré sí i ní ọdún 2002, ó sì borí, ṣùgbọ́n kò tún wọ ojú ìjà mọ́. Àwọn tó padà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣubú mìíràn. Oleksandr Usyk na Joshua ní ọdún 2021 àti ní ọdún 2022. Daniel Dubois lù ú bolẹ̀ ní ọdún 2024. Vitali Klitschko gba adé Samuel Peter kí ọdún 2008 tó parí. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè ṣèlérí fún ẹni tó dìde pé kò ní ṣubú mọ́. Ohun tí ìdìde fún àwọn wọ̀nyí ni àyè láti tún jà, wọ́n sì lo àyè náà.

Àtakò kan sì wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan yóò ní ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe ìjàkadì Ọ̀fà. Ọpọlọ ni ẹ̀ṣẹ́ ń bà, kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló ń kan ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1982, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n ń pè ní Young Ali bá Barry McGuigan jà ní London. Ó dákú lẹ́yìn ìjà náà, kò sì jí mọ́ títí ó fi kú ní oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá ń kígbe pé dìde, dìde, kó má ṣe gbàgbé rẹ̀. Muhammad Ali náà jẹ́ ẹ̀rí. Ìgbà tí Joe Frazier kọ́kọ́ nà án ní ọdún 1971, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, agbára ṣì wà, ó padà, ó sì na George Foreman ní Kinshasa ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá bá Larry Holmes jà ní ọdún 1980, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, ara ti lọ, ojú sì ti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ láti wò ó. Ìpadàbọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n lù bolẹ̀ tún jà títí yóò fi sinmi tí dókítà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọgbọ́n ni òfin náà. Ẹni tó fẹ́ dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara òun gbà á, kí ó sì ní àwọn ènìyàn tí yóò sọ òtítọ́ fún un bí kò bá gbà á.

Nígbà náà, ta ni ó yẹ kó padà? Ẹni tí agbára ṣì wà lára rẹ̀, tó sì lè sọ ohun tó gbé e ṣubú láìdi ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Wíwo ẹ̀yìn nìyẹn. Kí ó sì ní ẹni tó lè kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tó bá padà lọ jà bó ṣe jà tẹ́lẹ̀ yóò ṣubú bó ṣe ṣubú tẹ́lẹ̀. Wíwo iwájú nìyẹn. Òwe àwọn àgbà kò dá ọmọdé láre kó dá àgbà lẹ́bi. Ẹni tó wà ní àárín méjèèjì, bí àwọn ọ̀dọ́ abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò yìí, ní láti wo ọ̀nà méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan Ọ̀fà àti gbogbo ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ wà nìyí. Lọ́dọọdún, nígbà tí èsì ìdánwò WAEC tàbí ti JAMB bá jáde, àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan yóò já wọn kulẹ̀ láyé wọn. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń ṣe ipò kìíní. Òdo ni ìpàdánù wọn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òdo náà di ení, ilé kò sì gbà wọ́n mọ́. Òbí á ní ojú ti òun. Àwọn ẹgbẹ́ á ti wọlé sí Poli tàbí sí yunifásítì, aládùúgbò á sì máa béèrè ohun tí kò kàn án. Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gidi tẹ́lẹ̀ á wá gbà pé òun kì í ṣe ẹni ìwé, á sì jù ú sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n ti sọ fún un pé ó ti tán nígbà tí iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ lè tún èyí ṣe, kò sì ná wọn lówó. Kí olùkọ́ má ṣe máa ka máàkì tó kéré jù sókè fún gbogbo kíláàsì láti fi rẹ́rìn-ín. Kí ó pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó ní kí ó fi ìka tọ́ ibi tó ti ṣubú nínú ìwé ìdáhùn rẹ̀: ṣé ìbéèrè ni kò yé e ni, àbí àkókò ló tán, àbí kò kàwé rárá? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀. Bí ọmọ bá sì gba gbogbo rẹ̀, kí olùkọ́ bi òun náà léèrè ibi tí kò tíì dá a lójú, kí ọmọ náà má bàa di Andy Ruiz. Ọ̀rọ̀ náà "olódo" ni kí á sì lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa pátápátá. Kò kọ́ ọmọ kankan rí bí a ti ń dìde.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé Yorùbá ti ní ẹ̀rí tiwọn lọ́wọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tó jáde ní ọdún 1938, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Àkàrà-oògùn wọ igbó. Ojú rẹ̀ rí màbo nígbà àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó tún padà. Ẹ̀yìn èyí ni ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó tó wáyé. Ká ní Fágúnwà jẹ́ kí ọdẹ náà jókòó sílé lẹ́yìn ìyà àkọ́kọ́ ni, ìwé náà ì bá ti parí láàárín ojú ewé díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò máa kà á títí di òní.

Bí àwọn ọmọ Ọ̀fà bá tún pé jọ láti wo ìjàkadì nínú ọdún wọn, kí àwọn òbí àti olùkọ́ tó mú ọmọ dání má ṣe fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹni tó borí nìkan. Kí wọ́n fi han ọmọ wọn ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀, bó ṣe ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù lára, bó ṣe ń na ọwọ́ sí ẹni tó dá a, tó sì ń lọ jókòó láti ronú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Ohun tí ẹni náà ń ṣe nígbà náà ni ọmọ yóò nílò jù lọ láyé.